"Níbo ló ti dùn?": Bí ọmọdé ṣe lè tẹ́tí sí orin kó sì sọ tinú rẹ̀

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Iná ti lọ láti òru, mo gbé fóònù mi lé ojú fèrèsé ilé ìdáná, mo fi àpàlà Haruna Ishola kan sí i, èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jọ ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí orin náà tán, mo bi í pé báwo ló ṣe gbọ́ ọ sí.

"Ó dùn, Mọ́mì."

"Kí ló dé tó fi dùn?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tó ń rò ó bóyá òun ti ṣẹ̀. "Ó kàn dùn ni." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Mo jẹ́ kó ṣe díẹ̀, mo wá yí ìbéèrè náà padà. Mo ní, "Ó dáa, níbo ló ti dùn?"

Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó gba fóònù, ó fi ìka fa orin náà sẹ́yìn. Ó fà á jù, ó dá a padà síwájú, ó tún fà á díẹ̀. "Ibí yìí." Ibi tó ń wí ni ibi tí bàbá náà ti gbẹ́nu dúró, tí àwọn elégbè dákẹ́, tó wá ku ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ó ní, "Ó dà bíi pé gbogbo èèyàn ti jáde nílé, ó wá ku ẹni tó ń gbálẹ̀."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orin yẹn, n kò gbọ́ ìgbálẹ̀ níbẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, ìgbálẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Ohun méjì ló máa ń dá àwa òbí dúró tí ọ̀rọ̀ bá di kí ọmọdé sọ èrò rẹ̀ nípa orin. Àwọn kan ní adùn ò ní àlàyé: ohun tó dùn mọ́ ẹnìkan lè máà dùn mọ́ ẹlòmíì, kí la wá fẹ́ máa sọ lé e lórí? Àwọn mìíràn ní, èmi tí mi ò mọ dùùrù tẹ̀, tí mi ò mọ ìlù lù, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ? Ibi kan náà ni ìṣòro méjèèjì ti wá. A da fífẹ́ràn orin pọ̀ mọ́ gbígbọ́ orin.

Bí orin bá wù mí, tí kò wù ọ́, kò sí adájọ́ tó lè dá ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ìlù dákẹ́ ní ibì kan, tàbí pé olórin náà gbé ohùn sókè lójijì, tàbí pé àwọn elégbè pẹ́ kí wọ́n tó gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìwọ náà lè fi etí ara rẹ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí a lè fi ìka tọ́ nìyẹn. Èrò tó ní ìtumọ̀ nípa orin kì í ju kí á so méjèèjì pọ̀ lọ: èyí wù mí, ibí yìí ló ti wù mí. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é, òbí tí kò mọ dùùrù yàtọ̀ sí àpótí náà lè ràn án lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn "níbo" ju "kí ló dé" lọ. Ẹ ronú sí ìgbà tí ọmọ máa ń gbọ́ "kí ló dé" nínú ilé wa. Kí ló dé tí o fi da omi sílẹ̀? Kí ló dé tí o ò tíì wẹ̀? Tí àwo bá fọ́, tí ẹran bá dín nínú ìkòkò, "kí ló dé" ló ń tẹ̀lé e. Ọmọ tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn, àwíjàre ló máa ń wá, kì í ronú orin mọ́. "Níbo" ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Ìka ló ń béèrè fún, ọ̀rọ̀ á sì tẹ̀lé ìka náà wá.

Kí ó tó lè tọ́ka síbì kan, ó ní láti kọ́kọ́ tẹ́tí, a sì mọ̀ pé gbígbọ́ yàtọ̀ sí títẹ́tí. Gbogbo wa là ń gbọ́ orin látàárọ̀ ṣúlẹ̀: nínú ọkọ̀ èrò, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, níbi tí aládùúgbò ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Orin tó pọ̀ tó báyìí, ojoojúmọ́ ni etí ń kọ́ bí yóò ṣe máa pa á tì. Ohun tí mo ń ṣe nílé ni pé mo máa ń mú orin kúkúrú, tàbí kí n gé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré láti inú èyí tó gùn. (Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú àti fújì àtijọ́ a máa gba odindi ojú àwo kan láìdúró, ẹ má fi ìyẹn dán ọmọ wò.) A ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láìsọ̀rọ̀ rárá, èmi náà ò ní sọ̀rọ̀, èyí tó le jù fún mi. A ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun kan ṣoṣo tí yóò máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí la ó tó la ẹnu.

Láti inú ẹ̀rọ tí gbogbo ilé jọ ń gbọ́ ni kó ti jáde, kì í ṣe nínú ìhò etí ọmọ. Bí ó bá di dandan kó lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń kì sí etí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìró tí ọmọdé ń gbọ́ má ju 75 dB (ìyẹn dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó) lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, wọ́n sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí á má gbé e kọjá 60 nínú 100 agbára ẹ̀rọ náà.

Kí ni ohun kan ṣoṣo tí ọmọ lè tẹ̀ lé? Tí ẹ bá ní àyè láti rí àwọn onídùndún lójúkojú, níbi ìgbéyàwó tàbí ní ọjọ́ ọdún, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló dé yẹn. Ojú gbogbo èèyàn máa ń wà lára ìyáìlù, torí òun ló tóbi, òun ló ní ṣaworo tó ń dún lẹ́nu, òun ló sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ọmọ kó má wo ìyáìlù o. Kó wo gúdúgúdú. Ìlù kékeré tó dà bí àwo ọbẹ̀ ni, ẹni tó ń lù ú á gbé e kọ́ ọrùn, ojú ìlù náà á kọjú sókè, a fi ìda dúdú sí àárín rẹ̀, a sì ń fi bílálà awọ méjì lù ú. Kò ní ọṣán tí a lè fún bíi ti ìyáìlù, nítorí náà kò lè ròkè, kò lè sọ̀kalẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ tó bá dúró ti gúdúgúdú fún ìṣẹ́jú méjì á ṣàdédé gbọ́ pé orí rẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù ń rìn. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́ fún un. Nígbà tí mo fi èyí dán ọmọ mi ọkùnrin wò, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ní gúdúgúdú ni "ẹni tó ń di àkàbà mú kí àwọn tó kù lè gùn ún". N kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó bá jẹ́ orin inú fóònù, ẹ lè sọ pé kó tẹ̀ lé ẹni tó ń lé orin, kó sì máa gbé ọwọ́ sókè nígbàkigbà tí àwọn elégbè bá gbè é. Ẹ lè béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè yìí wúlò gan-an bí ẹ bá fi orin oríṣi méjì wéra. Ẹ gbé jùjú King Sunny Ade sí ẹ̀gbẹ́ fújì Sikiru Ayinde Barrister ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nínú jùjú, gìtá pọ̀, ó tiẹ̀ ní gìtá kan tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, ìyẹn pedal steel. Ohùn rẹ̀ ń fà bí ẹni tó ń nà lẹ́yìn oorun. Nínú fújì tó ti inú orin wéré tí wọ́n fi ń jí ènìyàn sí sààrì lóṣù Ramadan jáde, ìlù àti ohùn ènìyàn ló gba gbogbo ilé. Ọmọ tó bá ti gbọ́ pé gìtá ò sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ìlù ń ṣe láti dí àlàfo náà.

Ẹ̀bùn kan tún wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí a kì í kà sí. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá ti ń fi etí ya ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn ìsàlẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rá pálá, torí bí kò bá yà á, kò ní mọ̀ bóyá igbá ni wọ́n ní kó gbé wá tàbí igba. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní àmì ohùn ń pè é ní dò, re, mí. Orin ni wọ́n ń kọ́ láìmọ̀.

Ẹ fi ṣeré. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kùn ọ̀rọ̀ kan jáde: igbá, igbà, ìgbà, igba. Re mí, re dò, dò dò, re re. Kí ọmọ sọ èyí tí ẹ pè. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kùn "dò mí" fún un lásán, láìro ọ̀rọ̀ kan pàtó, kí ẹ ní kó sọ ohun tí ẹ wí. Ọ̀kan á ní bàbá. Èkejì á ní ìyá. Ẹ̀kẹta á ní ọ̀rẹ́, ẹlòmíì á ní ìlú. Gbogbo wọn ló tọ̀nà. Bí ẹnìkan bá wá ní "ọmọ", àwọn yòókù á figbe ta pé irọ́ ni, torí re re ni ọmọ, kò sí dò níbẹ̀.

Nínú eré kékeré yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ là yé yín wà. Ìdáhùn tó tọ́ lè pọ̀, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìdáhùn ló tọ́. Ohun tó ń pààlà ni ohun tí etí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èrò nípa orin rí. Bí ọmọ kan bá ní orin náà ń dá òun nínú dùn, tí èkejì ní ó ń bà òun nínú jẹ́, àwọn méjèèjì lè jàre, bí kálukú bá lè nàka sí ibi tó ti gbọ́ ọ. Ọmọ tó bá ní "inú olórin náà ò dùn torí ó ń sáré kọrin", nígbà tí orin náà ń fà bí ìgbín, a ó jọ padà lọ gbọ́ ọ ni.

Àwọn àgbà Ìbàdàn mọ eré yìí dáadáa. Láyé àtijọ́, rédíò ìjọba níbẹ̀ máa ń fi ìlù pe ara rẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ìlù náà ń sọ, orúkọ ilé iṣẹ́ náà ló ń pè. Àwọn ará ìlú ò gbà. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń gbọ́ ni, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Kò sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn, torí ohùn ìlù náà kò tako tiwọn. A tún máa ń sọ pé òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, n kò rí ibi tí wọ́n ti ní ọ̀mọ̀ràn náà gbọ́dọ̀ ti dàgbà.

Ọmọ tó bá ti mọ èyí lè máa ṣọ́ olórin pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń túmọ̀ orin ìsìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn òyìnbó bó ṣe wà, ohùn orin ń ròkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọkọ́ á di ọkọ̀ lẹ́nu ìjọ, kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè. Thomas Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, wà lára àwọn tó fara balẹ̀ sọ pé kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1953. Lónìí ẹ lè bi ọmọ yín léèrè lẹ́yìn ìsìn: ọ̀rọ̀ wo ni ohùn orin yẹn sọ di ọ̀rọ̀ mìíràn? Ẹ óò rí i pé kò ní sùn mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọrin.

Kí á wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ọmọ bá ní "ó dùn", kì í ṣe pé kò ní èrò. Ọ̀rọ̀ ni kò tíì bá a. Yorùbá kò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ìró. Orin lè máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lè máa lọ kíkankíkan. Ohùn lè rinlẹ̀, ó lè ha, ó lè tín-ín-rín, ó lè máa gbọ̀n. Ìlù lè máa dún gbì-gbì bí ẹni tó ń gún iyán nílé kejì. Àwọn ọmọ á dá tiwọn sílẹ̀ bí ẹ bá gbà wọ́n láyè: agogo ń ṣe kọ́ńkọ́-kọ-kọ́ńkọ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ṣe ṣàkà-ṣà. Ẹ má ṣe tún un ṣe fún wọn. Ọmọ tó sọ pé gòjé inú sákárà Yusuf Olatunji ń "han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo", òótọ́ ló sọ, ohùn okùn kan ṣoṣo tí gòjé ní ló gbọ́ yẹn. Ìgbà yẹn lẹ lè fi orúkọ ohun èlò náà hàn án. Tí orúkọ bá ṣáájú, orúkọ ni yóò há sórí, kò ní gbọ́ ìró mọ́.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ara rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Ẹ wo ibi tó ti dá ijó dúró, ibẹ̀ ló ti gbọ́ nǹkan.

Ó wá ku ibi tó nira jù nílé Yorùbá: kí ọmọ sọ pé orin tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn kò wu òun. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ọmọ tí a bá kọ́ láti sọ èyí á di aláfojúdi. Ní tèmi, ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ ló lè di àfojúdi. Mo kọ́ àwọn tèmi ní ẹnu tí wọn yóò máa fi sọ ọ́: "Ẹ má bínú sà, ní tèmi o, kò wọ̀ mí lára, ibí yìí ló ti sú mi." Ọmọ tó lè sọ báyìí ti bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì ti bọ̀wọ̀ fún etí ara rẹ̀. Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Kí òbí sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí mo bá kọ́kọ́ ní "orin gidi rèé!", gbogbo wọn á gbè é lẹ́yìn mi bí elégbè, n kò sì ní mọ ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Orin àdúgbò tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò mọ́ ńkọ́? Wọ́n ti ń gbọ́ ọ níta, ẹ má tan ara yín jẹ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ní kí wọ́n ya ìlù sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Ọmọ mi obìnrin sọ nípa ọ̀kan pé, "Ìlù rẹ̀ gbọ́n, ẹnu rẹ̀ ni kò gbọ́n." Ìyẹn kọjá "orin burúkú ni, pa á" tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀. A sì pa á náà.

Fún àwọn tó ń tọ́ ọmọ ní London tàbí Houston, tí Yorùbá ọmọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, ẹ lè gba ọ̀nà bàtá. Ẹ wá bàtá ilé wa, kí ẹ wá bàtá Cuba, kí ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀dọ̀ wa, ọrùn ni onílù ń gbé e kọ́, ó ń fi ọwọ́ lu ojú ńlá, ó sì ń fi bílálà na ojú kékeré, ó ń ta pẹ́ńpẹ́. Ní Cuba, wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á gbé e lé itan, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì. Mẹ́ta ni wọ́n: iyá, itótele àti okónkolo. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá kan á gbọ́ ìyàtọ̀ bílálà àti ọwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ìlù náà ṣe dé ọ̀hún. Ìtàn tí ẹ fẹ́ kà fún un tó ń sá ti dé yẹn, òun ló béèrè rẹ̀.

Lọ́dún Iléyá tó kọjá, bàbá ọkọ mi wá kí wa. Ọmọkùnrin wa ti fi orin kan sí i ní pálọ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí. Bàbá Àgbà fara dà á títí, wọ́n wá ní, "Orin kọ́ rèé o. Ariwo ni."

Ọmọ mi obìnrin kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ló ti di ariwo?"

Mo ń wo ilẹ̀. Bàbá wo ọmọ náà, wọ́n wò mí, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní, "Gbé fóònù yẹn wá." Wọ́n gbé e sún mọ́ etí ọ̀tún, èyí tó ṣì ń gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní kí ọmọ náà dá orin náà padà, kó tún dá a padà. Nígbà tó yá wọ́n na ìka sókè.

"Ibí yìí. Ó yẹ kí ìlù mí níbẹ̀, kò mí."

Ọmọ náà tẹ́tí. "Ẹn-ẹ́n, mo gbọ́ ọ, sà. Ibẹ̀ gan-an ló wù mí."

"Ó wù ọ́ báwo?" ni Bàbá wí, wọ́n sì ṣí àyè fún un lórí àga.